Ọ̀dà Kò Tíì Gbẹ Lára Kẹ̀kẹ́ Bàbá Yésúfù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ Bàbá Yésúfù lónìí, a ò sì ṣí ilé kẹ̀kẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ wa ti ń tún kẹ̀kẹ́ àlòkù ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ta ni yóò máa fi òòlù lu irin níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣàdúà fún òkú, nígbà tó jẹ́ pé àwọn náà ló yọ̀ǹda ibi tí a ń lò fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Alájì Ṣẹ̀rífù, àkọ́bí bàbá, dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé a mọ ẹ̀tọ́. Orí mi wú. Òjò rọ̀ títí, ilé ìkóbì wọn àtijọ́ tí a ń lò yìí tún ti ń jò lápá ibi tí a ń kó táyà sí. Òórùn obì ò tíì kúrò lára ògiri ẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, ó sì ti wọ aṣọ mi. Ọkọ mi ní kò séwu, ó sàn ju òórùn ọ̀dà tí mo máa ń gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tà á.

Ìyàwó kékeré bàbá, Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù, ti wọ opó. Yàrá iwájú ni wọ́n fi í sí, fèrèsé ẹ̀ kọjú sí wa gan-an. Kò ní jáde títí di oṣù Kejìlá. Mo lọ kí i lójú fèrèsé, ó fi èdè Akaka ẹ̀ ní, "Ṣọlá ọmọ mi, ẹ kú uṣẹ́ o. Ariwo yín ni á máa bá mi ṣeré báyìí." Omi bọ́ lójú mi. Orúkọ ara ẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù, kò bímọ kankan tó yè fún bàbá, àwọn ọmọ ìyáálé ẹ̀ ló tọ́ dàgbà.

Bàbá Tiwalọpẹ́ tún pè mí láti Irolu. Ọmọ ẹ̀ nìkan ló kù tí a ò tíì rí kẹ̀kẹ́ fún nínú àwọn tí a ṣèlérí fún pé wọn yóò gba tiwọn kí ilé ìwé tó wọlé. Ọdún tó kọjá la ti ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo sọ fún un lórí fóònù pé lọ́dún yìí, ó dájú. Mi ò mọ ibi tó ti dájú.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Tájù, àbíkẹ́yìn Bàbá Yésúfù, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kánò, gbé kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ̀ wá fún mi láàárọ̀ yìí. Èmi nìkan ni mo wà ní ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ wa. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbà. Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa gùn ún, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé."

Mo bi í pé ṣé wọ́n ti pín ogún ni. Ó ní, "Ta ló ń pín kẹ̀kẹ́? Ilé ni wọ́n ń pín, ilẹ̀ ni wọ́n ń pín."

Ó wà lára ilẹ̀kùn wa, lẹ́tà funfun gàdàgbà, ọwọ́ èmi fúnra mi: A Ò GBA KẸ̀KẸ́ ẸNI TÓ TI KÚ ÀFI TÍ WỌ́N BÁ TI PÍN OGÚN. Èmi ni mo fi ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù mi kọ ọ́ lẹ́yìn ìjà àwọn ará Ọ̀fìn lọ́dún èṣí, tí ìdílé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ìsọ̀ mọ́ wa lórí nítorí kẹ̀kẹ́ tí àbúrò òkú gbé wá. Ìdí nìyẹn tí Kọ́láwọlé, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, fi ń pè mí ní Àǹtí Òfin. Tájù dúró síwájú lẹ́tà yẹn gan-an, kẹ̀kẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ayé àtijọ́, dúdú, irin tó le, tí wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Bàbá yẹn máa ń fi òwú àti epo nu ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Mo wo fíréèmù ẹ̀, mo rí Tiwalọpẹ́ lórí ẹ̀.

Mo gbà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Mo ti tú u. Kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi, inú mi dùn nígbà tí mo ń tú u. Kò sí nǹkan tó dà bíi kí nọ́ọ̀tì tó ti pẹ́ dáhùn sí sípánà láìjanpata. Mo ń kọrin. Fíréèmù náà ga jù fún ọmọbìnrin tó ń wọ síkáàtì lọ sílé ìwé, nítorí náà mo gbé e lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin, ó gé irin òkè tó wà láàárín ìjókòó àti ọwọ́ ẹ̀ kúrò, ó jó òmíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀. Mo kó wíìlì méjèèjì sára kẹ̀kẹ́ kan tó ń lọ sí Akaka. Kárià àti agogo, mo dá wọn padà sára fíréèmù náà fún Tiwalọpẹ́, torí a ò ní èyí tó dára tó wọn nínú gbogbo ẹrù wa.

Kọ́láwọlé dé lọ́sàn-án láti ibi tó ti ń mọlé ní Ìkẹ́nnẹ́, símẹ́ńtì ṣì wà ní irun ẹ̀. Ó wo fíréèmù, ó ní, "Àǹtí, ibo lẹ ti rí ọlọ́lá yìí?"

"Ẹnì kan ló fún wa," ni mo wí. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó wí i.

Túùbù ti wọ́n sí i, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀kan ní Ṣábó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ

Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù pè mí sí ojú fèrèsé. "Ṣọlá, me è rí kẹ̀kẹ́ ọkọ mi lẹ́yìnkùlé mọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wò ó, wọ́n ní kò sí. Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e?"

Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́, àfi bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú, tó ní, "Òun nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi. Ilé, me è bá wọn du ilé. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló gbé mi wọ ulé yìí láti Akaka."

Ẹnu mi sọ pé, "Ọ̀dọ̀ wa ló wà, Màmá. Tájù gbé e wá ká bá wọn tún un ṣe. Mo ń kùn ún lọ́dà ni."

Ó ní alihamudulilai. Ó ní òun ti rò pé wọ́n jí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún mi, fún Báyọ̀ ọmọ mi, fún ọwọ́ tí mo fi ń kùn ún. Mo ń ṣe àmín. Kí àṣírí yìí má bàa tú, mo tún fi kún un, "Ẹ má tíì sọ fún Alájì o. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ àdúà ogójì."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. "Me è ní sọ. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Mo padà sí ìdí iṣẹ́, mo mú sípánà, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ fi tú. Ojú ń tì mí débi pé mo ń gbóòórùn ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo yí ibi tí a ó ti pín kẹ̀kẹ́ padà. Ìsọ̀ wa la ti máa ń pín in lọ́dọọdún. Mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé òjò ti ba iwájú ìsọ̀ jẹ́, pé ẹ jẹ́ ká lọ pín in ní pápá ilé ìwé ní Irolu, àwọn òbí yóò lè wá. Gbogbo wọn ní ọgbọ́n wà nínú ẹ̀. Kọ́láwọlé ní, "Àǹtí Òfin rò ó dáadáa." Fèrèsé kan ṣoṣo ni mo ń sá fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

A pín in. Òòrùn yọ lónìí bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan Tiwalọpẹ́, kò gùn ún lójú ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lára láti ọwọ́ dé kárià, ó wá tẹ agogo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ̀, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, dì mọ́ mi tó fi jẹ́ pé fìlà ẹ̀ já bọ́. Ó ní ọmọ òun ò ní máa pẹ́ délé ìwé mọ́, wọn ò ní máa nà án mọ́.

Wọ́n ya fọ́tò. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ilẹ̀ ni mò ń wò. Raqeebah onídìrí, tó máa ń bá wa lẹ túùbù, ní ìtìjú mi ló wù òun jù. Ó rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ìbínú Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ pè é. Táyà Tiwalọpẹ́ jò, bàbá ẹ̀ sì gbé òun àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sórí ọ̀kadà láti Irolu wá bá wa ní ìsọ̀ ní Màkun. Mo ní kí wọ́n gbé e wọlé kíákíá. Bàbá ẹ̀ ní kí n má ṣe wàhálà, níta ni wọ́n á jókòó, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo sáré lẹ túùbù yẹn. Mo dúró síbi tí ara mi yóò ti di ojú fèrèsé, bí ẹni tó ń dáàbò bo iná lọ́wọ́ atẹ́gùn.

Mo ti parí, wọ́n ti fẹ́ máa lọ, ni ọmọ náà tẹ agogo láti fi dágbére.

Kọ́tìnì fèrèsé mì. Ohùn Màmá jáde, "Ta ló ń lu agogo un?"

"Ọmọ kan tó wá lẹ táyà ni, Màmá."

"Ó dùn," ni gbogbo ohun tó wí. Tiwalọpẹ́, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, wá kúnlẹ̀ sójú fèrèsé, ó ní ẹ ṣeun Màmá. Màmá bi í léèrè orúkọ ẹ̀ àti ìlú ẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Mo rò pé mo bọ́ nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ó tún pè mí. "Ọ̀dà ńkọ́, Ṣọlá? Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ, Màmá. Òjò yìí ò jẹ́."

"Àwọ̀ wo lo fi kùn ún?"

"Dúdú. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"O ṣeun. Irin òkè ńkọ́? Kùn ún dáadáa. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo wà lọ́mọge, kí n tó sanra tí wọ́n gbé mi lọ sórí kárià." Ó ń wo ẹnu mi. "Ṣé o kùn ún dáadáa?"

"Mo kùn ún dáadáa, Màmá."

Ó mú obì méjì jáde láàárín irin fèrèsé, ó ní kí n fi panu. Mo gbà á. Mo lọ sẹ́yìn ìsọ̀, níbi tí irin òkè yẹn wà nílẹ̀ láàárín àwọn irin àlòkù, Kọ́láwọlé ti ń fi í tẹ táyà. Mo jókòó sórí táyà kan, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo padà lọ ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n lọ sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, Alájì á gba ilé ìkóbì ẹ̀ padà, ilé kẹ̀kẹ́ á tú, gbogbo ìlú á ka lẹ́tà ara ilẹ̀kùn yẹn sí mi létí. Mo ti sọ èyí fún ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọmọ ìlú lọ́kàn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ojú àwọn èèyàn ló ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Kọ́láwọlé yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń bá wọn mọ ògiri ẹ̀yìn ilé Alájì, ó sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú agbo ilé. Alájì ti ń béèrè kẹ̀kẹ́ bàbá. Tájù ní Kánò ní òun ò fọwọ́ kàn án. Hàmdálátù, àbúrò Alájì obìnrin, wá ní ta ló kù tó lè gbé e bí kì í bá ṣe Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù? Ó ní Màmá ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ẹ̀ ní Akaka kí wọ́n tó pín ogún. Wọ́n bi Màmá, Màmá ní òun ò gbé e fún ẹnikẹ́ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hàmdálátù ní lọ́jọ́ ogójì, àfi kó fi ọwọ́ lé Àlùkùránì.

"Obìnrin yẹn!" ni Kọ́láwọlé wí. "Òun ló tọ́ gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ mú un búra nítorí kẹ̀kẹ́! Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan tiẹ̀ mọ ibi tó wà..."

Mo sọ fún un. Gbogbo ẹ̀, títí kan ìlérí tí mo gbà lọ́wọ́ Màmá. Orí mi wà nílẹ̀, mo ń wo garawa ọ̀dà.

Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn, Àǹtí." Nígbà tí mi ò gbé orí sókè, ó gbé àpò sípánà ẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní òun ò ní wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò pè mí ní Àǹtí Òfin nígbà tó ń dágbére.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo lọ bá àwọn tó ń ra irin ògbólógbòó lẹ́bàá ìkóríta ọ̀nà márosẹ̀, mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó jọ ọ́. Irin òkè ẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, a ná an títí. Mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Irọ́ tí mo pa fún Màmá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo wá ń ṣe báyìí, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, tí agbo ilé ti dá páropáro, mo yí kẹ̀kẹ́ yẹn dé ojú fèrèsé. Mo ní, "Màmá, ọ̀dà ti gbẹ."

Ó ṣí kọ́tìnì. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ojú àgbà ni, pé yóò gbà á, pé Ọlọ́run ti yọ mí. Àánú ara mi ń ṣe mí nígbà yẹn ju ti ẹ̀ lọ, kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó ní, "Gbé e padà síbi tó o ti rà á, Ṣọlá."

Mo fi kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ọmọ Irolu un, Tiwalọpẹ́. Ọjọ́ tó tẹ agogo ni mo ti dìde. Agogo tó ti ń dé sẹ́nu ọ̀nà mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ta ló máa kọ́ mi bó ṣe ń dún? Mo ṣí kọ́tìnì, mo rí ojú ibi tí wọ́n ti gé irin, mo rí ibi tí wọ́n jó. Wọ́n jó o dáadáa."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ń fẹ̀sùn kàn yín! Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́!"

"O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí fún ẹ." Ohùn ẹ̀ ò ga rárá. "Mo sì ń pè ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo bi ẹ́ lórí irin òkè. Mo ń wo ẹnu ẹ. Me è bínú kẹ̀kẹ́ mọ́, Ṣọlá. Ọmọ un lò ó dáadáa ju ìpẹtà lọ. Ìwọ lo gba ìlérí lọ́ghọ́ mi, ìwọ ni kó o tú u."

Mo ní màá tú u. Mo ní lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tó dá ẹnu lé e, màá ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó fa kọ́tìnì.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, tó bá di ọ̀la, màá ti tún un ṣe kó lè gbé mi níyì.

Àdúà ogójì parí ní nǹkan bí ọ̀sán. Àwọn àfáà jẹun, àlejò túká, ìdílé wọ pálọ̀ Màmá láti pín ogún. Mo sọ fún Alájì láàárọ̀ pé mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wọn sọ, ó ní kí n wá sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún tán. Mo ti dúró síbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń rí gbogbo wọn. Tájù ti dé láti Kánò, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rí mi, ó sì ń wo ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Màmá wà lórí ẹní nínú aṣọ opó.

Wọ́n pín ilé. Wọ́n pín ilẹ̀ obì ní Akaka. Wọ́n wá dé orí kẹ̀kẹ́. Alájì fẹ́ fò ó, ó ní ohun kékeré ni. Hàmdálátù ní rárá, ẹni tó bá lè gbé kékeré lè gbé ńlá. Ó gbé Àlùkùránì sílẹ̀ níwájú Màmá, lórí aṣọ funfun.

Àsìkò ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù kí n wọlé. Mi ò ní sọ pé ẹsẹ̀ mi ò gbé e tàbí pé ohùn mi há. Ẹsẹ̀ mi dá ṣáṣá. Mo dúró ni. Mo rò ó nínú ara mi pé: òótọ́ ni yóò búra lé lórí, kò gbé e, kò tà á. Tó bá búra, wọ́n á gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ á parí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo dúró kí n wò ó bóyá ìbúra ẹ̀ yóò gbà mí.

Màmá wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. Ó ní òun ò ta kẹ̀kẹ́ ọkọ òun, òun ò gbé e fún ará Akaka kankan. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n.

Hàmdálátù ní, "Ibo ló wá wà?"

Màmá ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ."

Ìgbà yẹn ni mo tó wọlé. Ìgbà tí mo rí i pé ìbúra ò parí ọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: Tájù, lẹ́tà ara ilẹ̀kùn, wẹ́dà, ọ̀dà irọ́, ìlérí, kẹ̀kẹ́ tí mo rà. Tájù bo ojú.

Alájì Ṣẹ̀rífù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò béèrè kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Mo ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti ń pín ilé."

"Ẹ ń gbọ́? Ẹ ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n gbé Àlùkùránì síwájú ìyá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. Òun ẹni ọgọ́ta ọdún dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá. Hàmdálátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń sunkún. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, kò sí ẹni tó ní kí n dìde, kò sí ẹni tó ní kí n jáde. Mo dá dìde.

Alájì bá mi níta. Ó ní kí a má gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Irolu, Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a máa lo ilé ìkóbì lọ, torí àwọn ọmọ. Ohun tí mo fi ń bo ara mi láti oṣù kan, ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi tú u. Kò tiẹ̀ gba ilé náà padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún ọkọ mi pé ibà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ìpàdé ẹgbẹ́. Mo sọ fún wọn, mo ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí. Wọ́n fi Kọ́láwọlé. Raqeebah bi mí pé ṣé kí òun pa lẹ́tà ara ilẹ̀kùn rẹ́, torí bó ṣe máa dùn mí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó dára lófin, èmi ni mi ò dára. Màá ṣì máa wá lẹ táyà bí wọ́n bá gbà. Wọ́n gbà, wọ́n tètè gbà jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo tètè dé kí àwọn yòókù tó dé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó dá mi lóhùn dáadáa. Ó béèrè Báyọ̀, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè bóyá ọjà ọ̀dà ń tà. Kò béèrè kẹ̀kẹ́ kankan.

Mo ní, "Màmá, kí ni mo lè ṣe?"

Ó rò ó. Kò bínú, mo wo ojú ẹ̀ dáadáa, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ò búra rí títí ó fi kú. Ìyá mi ò búra rí. Wọn ò gbé Àlùkùránì síwájú ẹnikẹ́ni nínú ulé wa rí. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí ẹ níbẹ̀, mo ní Ṣọlá á wọlé báyìí. Mo tiẹ̀ fi ọghọ́ falẹ̀ díẹ̀ kó o lè wọlé."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

Ó ní ó ti tán, kí n dìde nínú ẹrẹ̀. Ó ní kí n lọ, pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti dé, wọ́n ti ń dúró dè mí.